Tábìlì Náhódà Tó Kọ̀ Tí Kò Gbẹ

Ní erékùṣù Lamu, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe alárinà fún Lali, kó tó wá kan ènìyàn.

Lali kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ṣe nílé wọn ní abúlé Matondoni. Baba rẹ̀ ṣe é, baba baba rẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó di pákó lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn wá sí ìlú, ó sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé kan kó lè ráyè mu omi. Kó tó gbé ife kúrò lẹ́nu, ẹranko náà ti na ọrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti fa fìlà kan yọ, ó sì ti ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ koríko tútù.

"Yéè! Fìlà Baba mi!"

Ọmọbìnrin kan sáré jáde, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mwanate lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti ń fi abẹ́rẹ́ dárà sí fìlà yẹn, kí baba rẹ̀ lè dé e lọ́jọ́ Iléyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yín kì í jẹun nílé ni?"

"Ó ń jẹun. Ọ̀kánjúà ló ń dà á láàmú. Ẹ má bínú, màá san án."

"Kí lẹ fẹ́ san? Ṣé ẹ lè san ojú mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí ẹ̀?"

Lali wo ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ náà. Háà, ì bá má wò ó! Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Màá rán òmíràn fún yín."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ìka tó tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn?"

Ó rán an lóòótọ́. Fìlà tó gbé dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gbòòrò débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀hún nìkan ni ì bá bá mu. Mwanate rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Ó ní kó tú u, kó tún un rán, kó sì gbé e wá kí òun wò ó. Lali tú u, ó tún un rán, ó gbé e wá. Ó tún tú u. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fìlà mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìyá Lali ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ò ń ránṣọ fún láti ọjọ́ yìí? Bí o bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, lọ sọ fún baba ẹ̀, kí owú tó tán nílé mi!"

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Baba Mwanate le bí ojú ẹja. Shekuwe ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Náhódà ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ó ti jẹ́ ọ̀gá atukọ̀ rí. Òyìnbó ará Denmark kan ló bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí òyìnbó náà darúgbó tó ń padà sílé, ó fi ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ingrid ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ó ní yàrá nínú, ó ní ibi ìdáná, ó sì ní tábìlì igi tíìkì tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ láàárín yàrá. Ìdí tábìlì yìí ni Náhódà ti ń mu kọfí, níbẹ̀ ló ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ló ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé kì í pe Ingrid ní ọkọ̀. Orogún ló ń pè é.

Nígbà tí Náhódà gbọ́ pé ará Matondoni ló ń wo ọmọ òun, ó fi ọwọ́ di imú.

"Àwọn tó ń fi òróró ẹja ekurá kun igi? Mwanate, bí àwọn èèyàn yẹn bá ń bọ̀, imú mi máa ń rí wọn kí ojú mi tó rí wọn!"

"Baba, ọkọ̀ ló ń fi kùn, kì í ṣe ara ẹ̀."

"Ó ti wọ̀ ọ́ lára! Ta ni yóò mú ọmọ fún ẹni tí ológbò ń tẹ̀ lé?"

Òótọ́ ni Náhódà sọ. Bí Lali bá ti wọ ìlú, àwọn ológbò á tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú. Ẹ̀dọ̀ ẹja ekurá ni wọ́n ti ń yọ òróró náà, òórùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gba igi lọ́wọ́ oòrùn àti iyọ̀ bíi tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sílé àwọn tó ń kan ọkọ̀ á ti máa fi kun pákó kó tó mọ àlùwàlá ṣe.

Síbẹ̀, Náhódà kì í ṣe ìkà. Nígbà tí omijé ọmọ rẹ̀ pọ̀ ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ, ó ránṣẹ́ pe Lali sínú Ingrid.

"Wo tábìlì yìí."

Lali wò ó. Fáníìṣì rẹ̀ ti ń ṣí bí ìpẹ́. Ibi tí oòrùn ń gbà wọlé ti funfun, ibi tí ife ń jókòó sí ti dúdú, ọ̀bẹ ti ha á, iyọ̀ ti jẹ ẹ́ létí.

"Tún un ṣe kí n lè rí irùngbọ̀n mi nínú ẹ̀. Bí o bá ṣe é, kí o rán alárinà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kí a jọ jókòó sídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: bí ẹ̀kán òróró ekurá kan bá kan inú ọkọ̀ mi, kí o gbàgbé pé mo bímọ."

"Mo ti gbọ́, Baba. Kò lè ṣẹlẹ̀."

Kò lè ṣẹlẹ̀, àbí? Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Lali dojú kọ iṣẹ́. Ó ha fáníìṣì àtijọ́ kúrò, ó fi sáńpépà líle fá a, ó fi èyí tó rọ̀ tẹ̀ lé e, ó ń bá ìlà igi lọ, kò gé e kọjá. Bí Náhódà bá ti lọ bá àwọn àgbà jókòó létí òkun, Mwanate á wa ọkọ̀ kékeré wá pẹ̀lú oúnjẹ. Kì í wọlé, kí wọ́n má bàa sọ pé wọ́n jọ wà ní yàrá. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níta ló máa ń dúró sí, á gba ojú fèrèsé róbótó na ìrẹsì alágbọn sí i, wọn á sì máa fọ̀rọ̀ jẹ ẹ́ pọ̀.

"Mwanate, òrùka dúdú kan wà láàárín tábìlì yìí tó kọ̀ tí kò lọ. Ó jọ pé iná ló jó o. Bí mo bá tún fá a díẹ̀ sí i, yóò lọ."

Mwanate yọ orí sí i. "Má fọwọ́ kàn án! Màmá mi ló ṣe é. Nígbà kan, Baba kò wálé jẹun fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń tún ìgbòkun ṣe. Màmá gbé ìkòkò ẹja kúrò lórí iná, ó wọ ọkọ̀, ó gbé e ka orí tábìlì yẹn, gbàà! Ó ní, 'Bó bá jẹ́ ibí nilé yín, ẹ jẹun níbí!' Ìgbà kan ṣoṣo tó wọ inú ọkọ̀ yìí nìyẹn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Lali wo òrùka náà, ó wo sáńpépà. Baba ní kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bó bá fi í sílẹ̀, wọ́n lè ní kò mọṣẹ́. Ó fi í sílẹ̀. Ó ní a kì í bá tọkọtaya parí ìjà tí ọ̀kan nínú wọn ti mú lọ sọ́run.

Ohun rere tó ṣe nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò dáa.

Lọ́jọ́ tó fá a tán, igi náà wà ní ìhòòhò, ó gbẹ bí ètè ẹni tó ń gbààwẹ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́. Lali rí i tí igi ń la ẹnu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí. Bàbá rẹ̀ kò fi igi ìhòòhò sílẹ̀ rí, ì báà jẹ́ èèkù àáké. Agolo òróró ekurá wà nínú ọkọ̀ kékeré tó wà wá, bí ó ti máa ń wà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tẹ àkísà bọ̀ ọ́, ó ń fi ra á, ó tún ń fi imú kọrin. Ó ti dé ìdajì kejì tábìlì kí orin tó kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo gbé!"

Nígbà tí Mwanate dé, ó bá a tó jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ lérí. Kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, imú ti sọ fún un.

"Lali! O ti pa wá!"

"Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ṣe é. Wàláhì, mi ò sí níbẹ̀!"

"Ọwọ́ rẹ lọ, ìwọ ò sí níbẹ̀? Ta wá ni mo fẹ́ fẹ́, ìwọ àbí ọwọ́ rẹ?" Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló fẹ́ gbà á. "Ó dáa. Fi fáníìṣì bò ó mọ́lẹ̀. Màá gbé tùràrí wá."

Fáníìṣì bò ó lóòótọ́, ó sì dán bí ojú omi òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n fáníìṣì tí a kùn sórí òróró ekurá tútù kì í gbẹ. Lali fìka kàn án lọ́jọ́ kejì, ó lẹ̀. Ó fìka kàn án lọ́jọ́ Àlàmísì, ó lẹ̀. Mwanate jó tùràrí títí yàrá fi rùn bí yàrá ìyàwó tuntun, àwọn méjèèjì sì ń bẹ Ọlọ́run kó fún wọn ní afẹ́fẹ́. Jímọ̀ọ̀ pé.

Bí àṣà wọn, ẹni tó ń wáyàwó kì í bá alárinà jókòó. Bàbá Famau tó ń ta kọfí ní gbàgede ni Lali rán. Alárinà àtàtà ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lé e jáde rí, nítorí kì í dẹ́kun ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ráyè lé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fara ti tábìlì o."

"Lali, mo ti ń fara ti tábìlì àna kí wọ́n tó bí ọ. Dákẹ́."

Lali wá jókòó sínú ọkọ̀ kékeré níta, ní ojú fèrèsé róbótó tí Mwanate máa ń dúró sí. Mwanate wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi ìdáná, ó ń se kọfí.

Náhódà wọlé, ó tẹ̀ síwájú, ó wo tábìlì. Ó rí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó yí orí sọ́tùn-ún, irùngbọ̀n yí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bísímílà. Famau, jókòó."

Famau gbé ọwọ́ jàlàbíà rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì gbọnrangandan, ó bẹ̀rẹ̀: "Náhódà, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín…" Ó sọ̀rọ̀ òdòdó títí kọfí fi tutù. Ṣùgbọ́n Náhódà kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ti rí òrùka dúdú náà láàárín dídán, ó ń wò ó.

"Ta ló ní kó fi èyí sílẹ̀?"

"Ọmọ náà ní òun kì í bá tọkọtaya dá sí ìjà."

Náhódà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí òrùka náà. Láti ojú fèrèsé, Lali rí i tí ojú bàbá náà ń dán, ó sì rí i tó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni oòrùn yí bọ́ sínú yàrá. Tùràrí ti kú. Nǹkan mìíràn jí.

Náhódà fa imú. "Famau, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi kẹ̀? Mo wẹ̀ láàárọ̀!"

Náhódà fa imú lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹríba, ó gbé imú sún mọ́ tábìlì, ó tún sún mọ́ ọn sí i. "Ekurá! Ekurá nínú Ingrid! Famau, dìde, jáde!"

Famau dìde, aṣọ kò dìde. Náhódà fẹ́ nà ró láti lé e, ọwọ́ kò kúrò. Ó fẹ́ gbé orí, irùngbọ̀n ní kò síbi tí òun ń lọ. Ó ti ní kí òun rí irùngbọ̀n òun nínú tábìlì. Ó wá wà nínú ẹ̀.

"Lali!" Ó mọ̀ pé kò lè jìnnà.

Lali ti bẹ́ wọlé. "Baba, ẹ má fà á, yóò já!"

"Wàláhì," Náhódà pariwo, àgbọ̀n lórí tábìlì, "o ò ní fẹ́ Mwanate títí tábìlì yìí yóò fi gbẹ! Ó di ìbúra!"

Ife kọfí já lọ́wọ́ Mwanate lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ó dáa, Baba," Lali dáhùn. "Ṣùgbọ́n ohun méjì ló lè tú yín sílẹ̀: àlùmọ́gàjí, tàbí òróró ekurá."

Náhódà ti ń tọ́ irùngbọ̀n yẹn láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Ó pa ojú dé. "Mú òróró wá," ló wí, bí ẹni ń dágbére fáyé.

Nígbà tó lọ kírun Àsárì, ààyè ṣí sílẹ̀ fún un lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn ológbò ń dúró dè é.

Oṣù wọlé, oṣù jáde, tábìlì kò gbẹ. Náhódà ní kí Lali má ṣe fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ mọ́, nítorí náà kò lè tún un ṣe. Gbogbo ibi tó bá kọjá ní ìlú ni wọ́n ti ń kí i, "Lali, ó ti gbẹ?" Àwọn ìyá ń bi í, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi kọrin. Kò lè sùn. Bó ti ń kan ìṣó ni ó ń rò ó pé bóyá ó ti sú Mwanate, pé oníṣòwò aṣọ kan wà ní Mombasa tí ẹnì kan ní ó ń bèèrè rẹ̀, pé ta ló máa jókòó de tábìlì dọjọ́ ogbó. Ọjọ́ kan ni Famau mú fìlà kan wá fún un. Lali fúnra rẹ̀ ló rán fìlà náà, èyí tó gbòòrò yẹn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti tú u, ó sì ti rán an padà bó ṣe bá orí Lali mu gẹ́lẹ́. Ó dé e, ó wọ inú ọkọ̀ tó ń kàn lọ, ó sì sunkún níbẹ̀.

Ṣé Náhódà ló wà ní ìrọ̀rùn? Rárá o. Ó ń mu kọfí lórí ìdúró nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ó da eérú sórí tábìlì, ó dà á síta. Ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Nílé, Mwanate ń se oúnjẹ tó dùn, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ju "Baba, oúnjẹ rèé" lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó mọ ìdákẹ́ yẹn. Ìyá ọmọ náà ló ni ín. Lèmọ́mù ní ìbúra ní ètùtù, kó bọ́ àwọn aláìní, kó gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Náhódà ní, "Mi ò yẹ ìbúra mi rí, mi ò ní fi ti tábìlì bẹ̀rẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Famau dé Matondoni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Lali, dìde. Wọ́n rán mi sí ọ."

"Ta ló rán yín?"

"Náhódà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe alárinà, mi ò rí i kí bàbá ìyàwó rán alárinà sí ọkọ rí. Ó ní kí o máa bọ̀, kí o mú irin tí wọ́n fi ń tú ìdè dání."

Nígbà tí Lali wọ Ingrid, ó bá Náhódà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń làágùn.

"Di apá ọ̀hún mú. Má bi mí ní nǹkan kan."

Wọ́n tú u, wọ́n gbé e, wọ́n yí i dà. Abẹ́ di òkè. Igi abẹ́ náà ṣá, kò sí fáníìṣì kankan lára rẹ̀. Lali rí i pé òrùka dúdú ti ń lọ sísàlẹ̀.

"Baba! Òrùka Màmá ń kó sábẹ́ o."

Náhódà dúró. Ó di tábìlì mú fún ìgbà díẹ̀, kò gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò gbé e sókè.

"Mo mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Bí òun bá wà níbí, òun ni yóò kọ́kọ́ yí i. Gbé e sọ̀." Wọ́n gbé e sọ̀. "Fọwọ́ kàn án. Tábìlì yìí gbẹ àbí kò gbẹ?"

Lali fi ọwọ́ méjèèjì kàn án. "Ó gbẹ, Baba. Ó gbẹ!"

"Bí mo ṣe búra náà nìyẹn. Lọ sọ fún ìyá rẹ kó máa múra." Ó fẹ́ dìde kó jáde pẹ̀lú ọlá, ṣùgbọ́n orúnkún jàlàbíà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì.

Wọ́n so yìgì, wọ́n lé làálì, ìyàwó wọlé. Ayọ̀ náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọkùnrin ni? Kò pẹ́ tí Lali fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ àna rẹ̀ nínú Ingrid bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lónìí, wọ́n ń tún ìgbòkun rán. Lọ́la, wọ́n ń jiyàn lórí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ kẹta, kọfí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí iná. Oúnjẹ ń tutù nílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kékeré kan gbá Ingrid lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbì. Mwanate ló wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró lójú fèrèsé. Ìkòkò ẹja tó ṣì ń hó ló gbé dání, ó fi àkísà di í mú. Ó gbé e ka àárín tábìlì, gbàà!

"Bó bá jẹ́ ibí nilé yín, ẹ jẹun níbí!"

Èéfín rú lábẹ́ ìkòkò. Lali fò dìde, ó gbé ìkòkò kúrò. Òrùka dúdú kan ti wà níbẹ̀, tuntun, ó ń gbóná. Náhódà ń wò ó. Omi ti dé ojú rẹ̀, ẹ̀rín ló sì ń rín.

"Ẹ má bínú, Baba," ni Lali ń wí, tí ó ń wá inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kiri. "Kò tíì wọlé púpọ̀. Sáńpépà díẹ̀ báyìí…"

"Sáńpépà?" Náhódà gbá ọwọ́ bo òrùka náà mọ́lẹ̀. "Kí o fi sáńpépà kan ibí! Lali, wàláhì, bí o bá…"

"Baba!" Mwanate ti di ẹnu baba rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra mọ́!"